PCOS àti Ìwọ̀n Ara: Bí A Ṣe Ń Ṣàkóso Rẹ̀ Láti Ìdí

Ọ̀pọ̀ obìnrin tí dókítà sọ fún pé wọ́n ní PCOS (polycystic ovary syndrome, àìsàn họ́mónù tó ń da iṣẹ́ ilé-ẹyin rú) ni wọ́n tún máa ń sọ fún lọ́jọ́ kan náà pé kí wọ́n lọ dín ìsanra kù, láìsí ẹni tó jókòó tì wọ́n láti ṣàlàyé ọ̀nà tí wọn yóò gbé e gbà. Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Bí obìnrin náà kò bá wá rí àyípadà ní kíákíá, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé ńṣe ló ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Nínú ohun tí mo kọ síhìn-ín, ínsúlínì, họ́mónù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀, nítorí pé òun ló so oúnjẹ, ìsanra, nǹkan oṣù àti irun àgbọ̀n pọ̀ mọ́ ara wọn, ẹni tó bá sì ń ṣètọ́jú rẹ̀ yóò rí èrè nínú ara rẹ̀ kódà ní ọ̀sẹ̀ tí òṣùwọ̀n kò bá mì rárá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10 tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní PCOS. Irving Stein àti Michael Leventhal, àwọn dókítà méjì ní ìlú Chicago, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1935, orúkọ wọn ni àwọn oníṣègùn sì fi ń pe àìsàn náà fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ohun róbótó kéékèèké tí síkáànì máa ń fi hàn nínú ilé-ẹyin kì í ṣe kókó tó ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Àwọn ẹyin tí kò gbó débi tí wọn yóò fi jáde ni.

Ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní páńkíríásì ló ń ṣe ínsúlínì, iṣẹ́ ínsúlínì sì ni láti mú kí iṣan, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá gba ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní PCOS, àtàwọn tó sanra àtàwọn kan tí kò sanra rárá, àwọn ẹ̀yà ara wọ̀nyí kì í tètè dáhùn sí i, páńkíríásì á wá máa tú ínsúlínì púpọ̀ sí i jáde kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ má baà ga. Àpọ̀jù ínsúlínì yìí kì í dúró lásán. Ó ń mú kí ilé-ẹyin ṣe họ́mónù akọ, bíi testosterone, ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń dín purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, èyí tó yẹ kó di testosterone mú nínú ẹ̀jẹ̀, tí púpọ̀ nínú testosterone náà á fi wà ní ìtúsílẹ̀. Ó sì ń dí ara lọ́wọ́ láti yọ́ ọ̀rá tó ti kó pamọ́. Ibẹ̀ ni irun àgbọ̀n, rorẹ́ ojú àti nǹkan oṣù tó ń fò ti ń wá. Ọ̀rá tó bá sì gbá jọ sí ikùn tún ń mú kí ara túbọ̀ di etí sí ínsúlínì, ni ọ̀ràn náà bá ń yí po. Kò pọn dandan kí a rí ibi kan pàtó tí ìyípo náà ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó já a. Oúnjẹ lè já a, ìdárayá lè já a, oògùn náà sì lè já a, ohun tí mo sì gbà gbọ́ ni pé kí oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

Àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà nínú abọ́ yín, ẹ rí i dájú pé PCOS ni. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí ní ìlú Rotterdam ní ọdún 2003 ni pé, ó kéré tán, méjì nínú ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà: kí nǹkan oṣù máa ṣe ségesège, kí àmì àpọ̀jù họ́mónù akọ hàn lára tàbí nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí kí síkáànì fi ilé-ẹyin tó kún fún ẹyin kéékèèké hàn. Láti ọdún 2023, ìlànà àgbáyé ti gbà kí wọ́n lo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AMH dípò síkáànì fún àwọn tó ti dàgbà, àmọ́ kì í ṣe fún àwọn ọ̀dọ́langba. Dókítà tún gbọ́dọ̀ wo họ́mónù tírọ́ọ̀dì, ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn, àti prolactin, họ́mónù tó ń mú kí ọyàn ṣe wàrà, nítorí pé tírọ́ọ̀dì tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa náà ń mú kí ara wúwo, ó sì ń da nǹkan oṣù rú, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Àyẹ̀wò tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn ìyẹn ni ti ṣúgà. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n máa ń fún ènìyàn ní omi tí wọ́n po gíráàmù 75 glucose sí mu, tí wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn wákàtí 2. Ṣúgà àárọ̀ tí a kò tíì jẹun lè dára, kí èyí tó tẹ̀ lé oúnjẹ má sì dára, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wo ti àárọ̀ nìkan lè máa yọ ayọ̀ tí kò tíì tó àkókò. Ìmọ̀ràn tó wà ni pé kí wọ́n máa tún ṣúgà wò lọ́dún kan sí mẹ́ta síra wọn, bí ewu àtọ̀gbẹ bá ṣe pọ̀ tó lára ẹni náà. Kí wọ́n wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò jọ, kí ẹ sì fi han dókítà. Àwọn oògùn ìsoríkọ́ kan, àwọn oògùn oní-steroid àti abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí kan lè mú kí ara pọ̀ sí i. Ẹ má ṣe dá wọn dúró fúnra yín. Ẹ kàn béèrè bóyá òmíràn wà tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ohun tí ẹ ó máa wọ̀n

Ìwọ̀n ara tí ẹ ní nígbà tí ẹ wà lọ́mọge kì í ṣe àfojúsùn tó dára. Bí obìnrin tó sanra bá dín ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, ìyẹn kílò 4.5 sí 9 fún ẹni tó wọn kílò 90, ó sábà máa ń tó láti mú kí ínsúlínì rọlẹ̀, kí nǹkan oṣù sì túbọ̀ máa wá déédéé. Ẹni tó bọ́ láti kílò 90 sí 84 lè má tíì wọ aṣọ tó ń dù, àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ lè má tíì sọ nǹkan kan, síbẹ̀ ilé-ẹyin rẹ̀ ti lè mọ ìyàtọ̀. Kílò mélòó kan tó lọ tí kò padà wá dára ju ogún kílò tó lọ ní oṣù mẹ́ta tó sì padà ní ọdún kejì.

Ti ẹni tí kò sanra yàtọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe láti rù, bí kò ṣe láti má ṣe jẹ́ kí ìwọ̀n ara máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, torí pé ara àwọn tó ní PCOS máa ń tètè pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Ó dùn mí pé ìmọ̀ràn yìí kì í sábà dé etí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin títí ìwọ̀n ara yóò fi gòkè, nígbà tó jẹ́ pé àtidènà rẹ̀ rọrùn ju àtimú un sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ní ti òṣùwọ̀n, ẹ gun un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀ tán tí ẹ kò sì tíì jẹun. Ara lè di omi tó tó kílò kan tàbí méjì mú ṣáájú nǹkan oṣù, èyí sì ń yọ àwọn tó ní PCOS lẹ́nu ju àwọn mìíràn lọ, nítorí pé wọn kì í mọ ọ̀sẹ̀ tí nǹkan oṣù yóò wá, wọn kò sì lè mọ̀ bóyá omi ni tàbí ọ̀rá. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀sẹ̀ kan dájọ́. Ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀. Ohun tí mo fọkàn tán ju òṣùwọ̀n lọ ni okùn ìwọ̀n ìbàdí. Ẹ fi í yí ikùn ká ní àárín ìsàlẹ̀ egungun ìhà àti òkè egungun ìbàdí, ẹ mí sóde, ẹ má fà á le, kí ẹ sì ka nọ́ńbà náà. Ìlànà tó rọrùn ni pé kí ó má tó ìdajì gíga yín: ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 160 yóò máa lépa kí tirẹ̀ wà lábẹ́ 80. Ẹ tún máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹ ṣe sùn, àti bí ọkàn yín ṣe ń fà sí ohun dídùn tó. Bí ìbàdí bá ń dín, tí nǹkan oṣù sì ń padà bọ̀ sípò, iṣẹ́ ń lọ, ohunkóhun tí òṣùwọ̀n ì báà wí.

Oúnjẹ

Kò sí oúnjẹ kan tí wọ́n ti fi hàn pé ó ju gbogbo ìyókù lọ fún PCOS. Ìlànà àgbáyé ọdún 2023 sọ èyí láìfi bọpo bọyọ̀, ó sì yẹ kó tu ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, pàápàá àwọn tí wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n má fẹnu kan wàrà tàbí ohun tí wọ́n fi àlìkámà ṣe mọ́ láéláé. Ẹni tí wàrà kì í bá inú rẹ̀ mu lè fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá a mu kò ní ìdí kankan láti sá fún un nítorí PCOS. Dídín oúnjẹ afáralókun kù gan-an máa ń tètè mú ìwọ̀n ara wálẹ̀ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, àmọ́ tó bá fi máa pé ọdún kan, ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín rẹ̀ àtàwọn ọ̀nà yòókù kì í pọ̀ mọ́. Èyí tí ẹ lè jẹ ní ọdún méjì sí àsìkò yìí láìkanra mọ́ ẹnikẹ́ni ni kí ẹ mú.

Ibi tí màá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ni ohun mímu. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tó jẹ́ mílílítà 330 lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 35, ó ń gba inú ìfun kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kì í sì í yó ènìyàn. Omi èso náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Kí a jẹ èso náà lódindi, pẹ̀lú fáíbà inú rẹ̀, ìyẹn apá oúnjẹ tí ikùn kì í lè dà, ló dára jù. Mo mọ àwọn tí kò yí nǹkan mìíràn padà yàtọ̀ sí èyí, tí ìbàdí wọn sì dín.

Lẹ́yìn ohun mímu, ẹ wo bí ẹ ṣe ń pín abọ́. Ẹ fi ẹ̀fọ́ àti àwọn ohun tútù kún ìdajì rẹ̀, kí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan jẹ́ purotéènì, bí ẹja, ẹyin, ẹran tí kò lọ́ràá jù tàbí ẹ̀wà, kí ìdá mẹ́rin tó kù sì jẹ́ oúnjẹ afáralókun, èyí tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ tàbí lọ̀ ọ́ kúnná jù bó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀wà àti gbogbo ìbátan rẹ̀ yẹ fún ìyìn pàtàkì níhìn-ín, nítorí pé purotéènì àti fáíbà ló jọ wà nínú rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ sì máa ń wọ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí fáíbà tí ẹ ń jẹ lójúmọ́ tó gíráàmù 25 ó kéré tán, ṣùgbọ́n ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ sì máa mu omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú yóò máa wú.

Ètò tí a fi ń jẹ oúnjẹ náà kà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ti fi hàn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti purotéènì, kó tó jẹ oúnjẹ afáralókun, máa ń ní ṣúgà tó rọlẹ̀ ju ti ẹni tó fi afáralókun bẹ̀rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ. Kò ná ènìyàn ní nǹkan kan. Mo tún fẹ́ kí oúnjẹ àárọ̀ ní purotéènì tó nítumọ̀. Búrẹ́dì àti tíì onísúgà nìkan á mú kí ebi padà dé ṣáájú ọ̀sán, ibẹ̀ sì ni ìpanu ti ń wọlé.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó wà nínú oúnjẹ, ṣì kà. PCOS kò sọ ìṣirò di asán. Ohun tó ṣe ni pé ó mú kí ebi pọ̀, kí ara sì tètè kó ọ̀rá pamọ́. Ẹni tó fẹ́ dín ìwọ̀n ara kù lè yọ nǹkan bí kálórì 500 kúrò nínú ohun tó ń jẹ lójúmọ́. Ẹ ṣọ́ òróró àti àwọn èso oníkóró, tí wọ́n dára fún ara lóòótọ́, àmọ́ tí gíráàmù kan ọ̀rá ní kálórì 9 nígbà tí ti purotéènì tàbí afáralókun jẹ́ 4. Ẹni tó ń da òróró láti inú ìgò láìfi ṣíbí wọ̀n ọ́n lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá gbogbo ohun tó yọ padà. Ètò tó bá mú oúnjẹ lọ sí abẹ́ kálórì 800 lójúmọ́ kì í ṣe ohun tí a ń dá ṣe nílé láìsí dókítà.

Ààwẹ̀ oníwákàtí, ìyẹn kí a máa jẹun láàárín wákàtí mélòó kan péré lójúmọ́, bá àwọn kan lára mu nítorí pé ó ń dín ìpanu alẹ́ kù. Ẹ̀rí tó wà lórí rẹ̀ fún PCOS ṣì kéré. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsọ fún dókítà, ẹni tó bá sì ti ní ìṣòro jíjẹ àjẹjù lójijì rí, tó máa ń jẹ tí kò ní lè dáwọ́ dúró, kí ó yẹra fún un. Irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní PCOS ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, fífi ebi pa ara ẹni sì máa ń mú un burú sí i. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìtọ́jú ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú kíka kálórì.

Ìdárayá

Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó lè fa ṣúgà wọlé láìdúró de ínsúlínì, lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bá sì parí, ara á ṣì máa gbọ́ràn sí ínsúlínì dáadáa fún nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì. Ìdí nìyí tí èrè ìdárayá fún PCOS kò fi wà lọ́wọ́ òṣùwọ̀n. Ìdí nìyí náà tí mo fi máa ń sọ pé kí ọjọ́ méjì má ṣe tẹ̀ léra láìsí ìṣíkiri kankan, torí pé ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ jọ sí òpin ọ̀sẹ̀ ti jẹ́ kí àǹfààní náà tán kó tó padà sórí rẹ̀.

Ìwọ̀n tí ìlànà àgbáyé dá lábàá fún àgbàlagbà ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìdárayá tó mọ níwọ̀n, irú èyí tí ènìyàn lè sọ̀rọ̀ nígbà tó ń ṣe é àmọ́ tí kò lè kọrin, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 fún èyí tó le, pẹ̀lú ìdárayá afúnṣanlókun ní ọjọ́ méjì tí kò tẹ̀ léra. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwọ̀n ara dín yóò nílò tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 250 nínú èyí tó mọ níwọ̀n. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ìṣẹ́jú 210 lọ́sẹ̀ fún ẹni tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì bọ́ sí àkókò tí ṣúgà ń gòkè gan-an.

Ìdárayá afúnṣanlókun ni ọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀, bóyá nítorí ìbẹ̀rù pé gbígbé ohun wúwo yóò mú kí wọ́n rí bí ọkùnrin. Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Irun àgbọ̀n kò ti ọ̀dọ̀ iṣan wá. Iṣan tó pọ̀ sí i ń fún ṣúgà ní ibi tí yóò lọ, ìyẹn sì ń ran họ́mónù akọ lọ́wọ́ láti rọlẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá ní irin: ẹ jókòó sórí àga kí ẹ sì dìde láìfi ọwọ́ tì í, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ara kúrò lára ògiri, ẹ gun àtẹ̀gùn kan kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé ìgò omi méjì sókè kọjá orí. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 8 sí 12, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Nígbà tí ìgbà kejìlá kò bá le mọ́, ẹ fi kún ìwúwo rẹ̀. Ẹni tí eékún ń dùn tàbí tó ní àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Oorun àti ọkàn

Àìsùn tó ń mú kí ebi pọ̀, ó sì ń mú kí ara di etí sí ínsúlínì lọ́jọ́ kejì, nítorí náà ẹ gbìyànjú wákàtí 7 ó kéré tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sùn tó, tí ẹ ṣì ń jí pẹ̀lú àárẹ̀ àti orí fífọ́, tí wọ́n sì ń sọ fún yín pé ẹ ń han-an-run kíkankíkan tàbí pé èémí yín máa ń dá lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà. Ìṣòro èémí tó ń dá lójú oorun wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní PCOS, ìtọ́jú wà fún un, àìtọ́jú rẹ̀ sì lè máa ba gbogbo akitiyan yín jẹ́ láìfura.

Ìsoríkọ́ àti àníyàn náà pọ̀ láàárín wọn. Kì í ṣe ìwà àìlera. Ara àìsàn náà ni, ó sì tó ohun tí a ń béèrè ìtọ́jú fún.

Oògùn

Metformin ló ti pẹ́ jù. Ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gbọ́ràn sí ínsúlínì, ó sì lè mú kí nǹkan oṣù túbọ̀ ṣe déédéé, àmọ́ kílò tó máa ń yọ kò pọ̀, ẹni tó bá retí púpọ̀ yóò já kulẹ̀. Ó lè da inú rú ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílígíráàmù 500 lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, kó tó máa fi kún un. Irú èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ máa ń rọ inú lọ́rùn jù. Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ọdún púpọ̀ yẹ kó ṣe àyẹ̀wò fítámì B12.

Àwọn oògùn tuntun bíi liraglutide àti semaglutide ń dín ebi kù, ìwọ̀n ara tí wọ́n ń mú wálẹ̀ sì ju ti metformin lọ. Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé ìwọ̀n ara sábà máa ń padà bí a bá dá a dúró láìsí ètò mìíràn, pé inú rírú àti èébì wọ́pọ̀, àti pé a kò gbọdọ̀ lóyún nígbà tí a bá ń lò ó. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníkóró, ní tirẹ̀, kì í ṣe oògùn ìsanra. Ó wà fún nǹkan oṣù, rorẹ́ àti irun. Ẹ̀rí tó wà fún inositol, àfikún oúnjẹ kan tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ní PCOS, kò tíì lágbára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sábà pa ènìyàn lára. Ní ti tíì tí wọ́n ní ó ń fọ inú, ìgbẹ́ ló ń mú ènìyàn yà, omi sì ni ó ń lọ, kì í ṣe ọ̀rá. Fún àwọn tí ìsanra wọn pọ̀ gan-an, iṣẹ́ abẹ ikùn jẹ́ ọ̀nà gidi tó yẹ kí wọ́n lè bá dókítà sọ láìsí ìtìjú.

Nígbà tí ìwọ̀n bá dúró sójú kan

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ènìyàn ni ìwọ̀n ara wọn máa ń dúró. Ara tó ti fúyẹ́ ń lo agbára díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ebi sì ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé oúnjẹ tó ń mú kí ẹ dín níjọ́ sí ti di oúnjẹ tó ń mú yín dúró. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, títí kan ohun tí ẹ ń tọ́ wò nídìí iná, torí pé abọ́ máa ń tóbi sí i láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ fi kún ìdárayá afúnṣanlókun. Bí ohunkóhun kò bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín bóyá ó pọn dandan kí ẹ tún dín sí i; bí ṣúgà, ìfúnpá àti nǹkan oṣù bá ti dára, dídúró síbẹ̀ fún ọdún kan kì í ṣe ìkùnà rárá lójú tèmi.

Nǹkan oṣù àti oyún

Bí nǹkan oṣù kò bá wá fún ohun tó ju ọjọ́ 90 lọ, ẹ lọ rí dókítà, bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹ́ bímọ. Ògiri inú ilé-ọmọ lè máa nípọn sí i láìwó, ìyẹn sì ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ilé-ọmọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn tó ń mú un wó wà. Ẹ tètè lọ pẹ̀lú bí ohùn bá ń ki sí i tàbí irun bá ń hù lójijì láàárín oṣù mélòó kan, bí òùngbẹ àti ìtọ̀ bá pọ̀ lọ́nà àrà, tàbí bí ilà aláwọ̀ elésè àlùkò tó fẹ̀ bá yọ sí ikùn, tí ara sì ń tètè ṣe ọgbẹ́ abẹ́ awọ, torí pé àwọn wọ̀nyí lè jẹ́ àmì àìsàn mìíràn.

Bí ìwọ̀n ara ṣe ń dín, ẹyin lè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kí nǹkan oṣù tó fi hàn. Obìnrin tó ti gbà fún ọdún púpọ̀ pé òun kò lè lóyún lè lóyún ní oṣù kẹta ìyípadà yìí, nítorí náà ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lo ìfètòsọ́mọbíbí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lo tirzepatide, oògùn tuntun mìíràn tó jọ semaglutide, ní láti mọ̀ pé ó lè dín agbára oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníkóró kù. Ẹni tó sì fẹ́ oyún, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo folic acid, irú fítámì B kan, ó kéré tán máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, ṣáájú kó tó lóyún. Kí semaglutide ti kúrò nínú ètò rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, ó kéré tán. Kí wọ́n sì wo ṣúgà rẹ̀ kó tó lóyún, tàbí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20 bí wọn kò bá tíì ṣe é, kí wọ́n tún un wò láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28.